Àwọn Akọrin tí Kì í Ní Ká Pariwo Àmín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ gbọ́ orin wọn. Ó ń ti ilé ìwé girama bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọ̀kalẹ̀ ní Ìkòtún kí ó lè wọ kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ẹgàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ló bá fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta síídì. Orin kan ń jáde láti inú sípíkà tí wọ́n gbé síta. Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, àfi ìgbà tí ọkùnrin náà gbé àga fún òun, tó ní, "Jókòó, jàre, o ti dúró pẹ́."

Nígbà tó délé, ó fà mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Wá gbọ́ nǹkan," ó ní. "Àwọn kan ń kọrin ìgbàgbọ́ ní Yorùbá, wọn ò sì pariwo."

Mo ní, "Kí wá ni wọ́n ń ṣe, Àǹtí?"

"Wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni wọ́n jọ wà."

Ó ti ní kí ọkùnrin náà bá òun da orin náà sínú fóònù. Íyápíìsì kan ṣoṣo la ní. Ó ki ọ̀kan bọ etí rẹ̀, ó ki ìkejì bọ tèmi, a sì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí àwa méjèèjì jọ ń sùn, orí wa kan ara wọn. Gìtá ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn ọkùnrin kan tó há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ń sọ fún Ọlọ́run pé ó ti rẹ òun. Ìyẹn nìkan ló ń sọ. Mo retí pé tó bá yá, á ní Ọlọ́run ti dáhùn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Orin náà kàn parí ni.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé omi ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n sọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa. Èkìtì ni wọ́n ti bí bàbá àti ìyá wa. Olùkọ́ ni Dádì, alàgbà sì ni nínú ìjọ wa ní Ìgàndò. Agogo kékeré kan ló fi ń jí wa fún àdúrà òwúrọ̀. A ó kọ orin kan láti inú ìwé orin, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ka ẹsẹ Bíbélì tó há sórí, Dádì á gba àdúrà gígùn, a ó sì ṣe àmín. Bí mo ṣe ń bẹ̀rù ọ̀gá ilé ìwé wa ni mo ń bẹ̀rù Ọlọ́run nígbà yẹn. Mo mọ gbogbo ohun tí kò fẹ́. N kò rò ó rí pé èèyàn lè sọ ohun tó ń dun òun fún un.

Màmá wa ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Ìgàndò, òun ló sì ń gbé ẹ̀gbọ́n mi káàkiri. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ẹ̀gbọ́n mi bá wáyé. Bí ìrora náà bá dé, inú egungun ni á ti bẹ̀rẹ̀. Á di etí bẹ́ẹ̀dì mú, á sì máa mí bí ẹni tó sáré ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Dókítà fún un lóògùn, wọ́n ní kó máa mu omi dáadáa, wọ́n ní òtútù kò gbọdọ̀ mú un. Ṣùgbọ́n Màmá kò lè fi mọ síbẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ máa kérora lójú rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé àdúrà ń gbà, láti Ẹgbẹ́dá títí dé Ìpàjà, tí kò gbé e dé.

Mo bá wọn lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ibẹ̀. Wòlíì kan gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbọ́n mi lórí, ó tẹ orí náà títí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀. "Sọ pé o ti gba ìwòsàn!" ni wòlíì ń wí. "Pariwo àmín tó máa dé ọ̀run!" Gbogbo ìjọ ń pariwo, ẹ̀gbọ́n mi náà pariwo. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, ńṣe ló ń tiro. Nígbà tó ku àwa méjì nínú yàrá, ó sọ fún mi pé, "Mo ti parọ́ nínú ilé Ọlọ́run lónìí."

Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà. Mo bá a bọ́ bàtà rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìdí nìyẹn tí orin àwọn èèyàn wọ̀nyí fi wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá bi í pé kí ló rí nínú wọn, á ní, "Àwọn nìkan ni kì í ní ká pariwo àmín."

Ọmọ àdúgbò wa náà ni wọ́n. Ọkùnrin mẹ́rin àti obìnrin kan ni wọ́n, inú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ní Bàrúwà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Òkìkí wọn kò kọjá Alímọ̀ṣọ́. Bí o bá dárúkọ wọn fún ará Lẹ́kìí, á bi ọ́ pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ìjọ tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò ti mọ orin wọn. Èyí tí àwa fẹ́ràn jù, ègbè rẹ̀ kò gùn rárá:

Bí O kò bá ní í gbé mi dìde, Bàbá,
Wá jókòó tì mí.

Ibi tí a ti ń pọn omi ládùúgbò ni orin yẹn ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lára èmi. Torí pé ẹ̀gbọ́n mi kò gbọdọ̀ gbé ẹrù, èmi ni mo ń pọn omi gbogbo ilé. Lọ́jọ́ kan, mo tò sórí ìlà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mi, oòrùn mú, apá ń ro mí, inú ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, ojú sì ń tì mí pé inú ń bí mi sí i. Mo bá sọ ọ́ jáde lábẹ́ ètè: "Ọlọ́run, ó ti sú mi. N kò fẹ́ pọn omi mọ́. N kò sì fẹ́ kó kú."

N kò ṣe àmín. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní kò sẹ́nì kankan, mà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo ti gbàdúrà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ níbi tí kò yẹ kí n ti bá a sọ ọ́: lórí ìlà omi, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, nínú yàrá ìdánwò. N kò sọ fún Dádì. Ó dà bí ẹni pé mo ní ọ̀rẹ́ kan tí àwọn ará ilé kò mọ̀.

Kò pẹ́ tí Dádì fúnra rẹ̀ fi gbọ́ orin náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí sípíkà kékeré kan gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, a sì jẹ́ kó ké sókè díẹ̀. Dádì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fetí sílẹ̀, ó fajú ro.

"Irú orin wo nìyí? Ṣé ẹni tó mọ Jésù ló ń sunkún báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde jókòó. "Ẹ má bínú o, Dádì. Ṣé Jésù fúnra rẹ̀ ò sunkún rí ni?"

Mo di ara mi mú. Mo rò pé á na án, àbí kó gba fóònù náà. Dádì wò ó títí, ó wá ní, "Ẹ ṣá yí i wálẹ̀. Mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ." Ó sì padà sí pálọ̀.

Ní ọdún tí mo ń múra fún ìdánwò àṣejáde, wọ́n lẹ pósítà mọ́ ògiri káàkiri pé ẹgbẹ́ náà máa kọrin ní gbọ̀ngàn kan ní Ẹgbẹ́dá lọ́sàn-án Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà, àtilé ló sì ń lọ torí àìsàn rẹ̀. A ti ń ronú irọ́ tí a máa pa kí a tó lè jáde. Màmá ló yà wá lẹ́nu. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wá bá wa nílé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Mo fẹ́ fojú rí àwọn tó ń bá mi rẹ ọmọ mi lẹ́kún."

Gbọ̀ngàn náà kún. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí iná fi lọ. Wọ́n fa jẹnẹrétọ̀ títí, kò dáhùn. Àwọn èèyàn ti ń kùn, àwọn kan ti ń wá ọ̀nà ìta, ni ọkùnrin olóhùn há náà bá jókòó sí etí pèpéle, ó rọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọdé, ó gba gìtá lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

"Ẹ bá mi dákẹ́ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ohùn mi ò ju báyìí lọ."

Wọ́n kọrin láìsí makirofóònù. Ooru mú wa, olúkúlùkù ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tún dìde. Nígbà tí wọ́n dé ègbè orin wa, gbogbo gbọ̀ngàn gbè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Mo wo Màmá. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó di í mú ṣinṣin.

Lẹ́yìn tí wọ́n parí, ẹ̀gbọ́n mi lọ bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń ká wáyà gìtá náà. Mo tẹ̀lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó ní. "Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Bi mí, àbúrò."

"Ṣé ẹ̀yin gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́?"

Ọkùnrin náà gbé wáyà náà sílẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín. Mo rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe é.

"Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo gbà," ó ní. "Àwọn ọjọ́ mìíràn, mi ò mọ̀. Orin tí ẹ gbè yẹn, ọjọ́ tí mi ò mọ̀ ni mo kọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, sà. Ó tó mi bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa padà kọjá Ìkòtún, Màmá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá ní, "Ọmọkùnrin yẹn ò parọ́ fún ọ." Láti ọjọ́ náà, kò gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì kankan mọ́. Ó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó ń fi omi gbígbóná ra á lára, bí ìrora bá sì dé, á jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á máa wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e yẹn ló dùn jù nínú ayé mi. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi bí a ṣe ń kọ ohùn kejì. Òun á mú ohùn òkè, èmi á mú ìsàlẹ̀, a ó sì máa kọrin bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí a ń lọ aṣọ Dádì. Mo dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Ọjọ́ tí wọ́n rì mí bọmi, òun ló dúró sí etí omi pẹ̀lú táwẹ̀lì, tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ti bọ́ sọ́wọ́ Rẹ̀ nìyẹn o." Mo gbàgbọ́ nígbà yẹn tọkàntọkàn. Mo gbà pé ẹni tó bá lè gbọ́ àròyé èèyàn láìbínú kò ní í já èèyàn kulẹ̀.

Àkókò òjò ni ẹ̀gbọ́n mi kú.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, omi gba gbogbo ọ̀nà àdúgbò wa. Láàárọ̀, ìrora náà dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Àyà ló ní ó ń dun òun. Kò lè mí kanlẹ̀. Mọ́tò kankan kò lè wọlé wá, kẹ̀kẹ́ kò lè jáde. Màmá ń sáré kiri inú ilé, ó ń wá bàtà tó ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Dádì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ gbé e lé mi lẹ́yìn."

A gbé e lé e lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi kò wúwo, àìsàn kò jẹ́ kó sanra rí, ṣùgbọ́n àgbà obìnrin ni, Dádì náà kì í sì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́. Omi kan orúnkún rẹ̀. Bó ṣe ń rìn ló ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí kò ní kòtò. Èmi na aḿbùrẹ́là lé wọn lórí, òjò ṣì ń ṣẹ́. Láàárín omi náà, ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ sí ejìká Dádì.

"Dádì, ẹ kọrin fún mi."

Dádì bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn orin tí a máa ń kọ láàárọ̀. Èémí rẹ̀ ń já. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí.

"Tèmi ni kí ẹ kọ."

Mo rò pé èmi ni mo máa kọ ọ́, mo ti ń múra ohùn. Ṣùgbọ́n Dádì ló dá a. Ohùn rẹ̀ kò dọ́gba, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ègbè. Gbogbo ọdún tó fi ń ní ká yí i wálẹ̀, ó ti ń gbọ́ ọ láti pálọ̀, ó sì ti há a sórí. Mo gbè é. Màmá náà gbè é lẹ́yìn wa, ó di etí aṣọ ẹ̀gbọ́n mi mú. Àwọn aládùúgbò dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sínú omi, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀gbọ́n mi ró láti ẹ̀yìn, kò sì fi wá sílẹ̀ títí a fi dé títì tí mọ́tò gbé wa.

Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe nílé ìwòsàn. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí wọn. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.

Lọ́dọ̀ wa, bàbá àti ìyá kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ wọn. Àwọn méjèèjì jókòó sílé, èmi ni mo tẹ̀lé àwọn ará ìjọ lọ. Pásítọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má sunkún, ó ní ká pariwo halelúyà torí pé arábìnrin wa ti sinmi. Àwọn èèyàn pariwo. Ẹnu tèmi kò ṣí. Mo ń wo yẹ̀pẹ̀ tí òjò ti rin gbingbin, mo ń rò ó pé òtútù kò gbọdọ̀ mú un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé wa dákẹ́. Dádì kò lu agogo òwúrọ̀ mọ́; ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń jí ẹnìkejì. Èmi kò gbọ́ orin àwọn akọrin yẹn mọ́. Bí awakọ̀ kẹ̀kẹ́ bá gbé e sí i, màá ní kó já mi sílẹ̀, kódà bí ibi tí mò ń lọ bá ṣì jìnnà. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, mo ń dúró láàárín àwọn akọrin, mo ń la ẹnu, mo ń pa á dé. Bí mo bá gbìyànjú láti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń ṣe lórí ìlà omi, kò sí ohun tó ń jáde. Mo bínú sí i. Ìbínú náà kò sì jẹ́ kí n lè sọ fún un pé mo ń bínú.

Ẹgbẹ́ náà tú ká ní àwọn ọdún yẹn. Ẹni tó ń ta gìtá rìnrìn àjò lọ sí Kánádà. Obìnrin inú wọn bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò ní Bàrúwà, ẹni tó ni ín ti kọ́ ọ parí, àwọn ayálégbé ti kó sínú rẹ̀.

Mo ti di olùkọ́ bíi Dádì, ní ilé ìwé aládàáni kan ní Àkẹ̀sán, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ mi kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wáńsáàpù lákòókò ìsinmi ọ̀sán. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé kì í ṣe olórin tí ẹ sọ fún mi nípa rẹ̀ lọ́jọ́ kan nìyí?" Òun ni. Ó ti sanra díẹ̀, orí rẹ̀ ti ń pá níwájú. Ẹnì kan ń bi í pé kí ló dé tí kò kọrin mọ́. Ó ní òun kò gbà mọ́ pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Kò bínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ọjà ti tú.

Mo wọ ilé ìtọ̀ àwọn ọmọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún bí n kò ṣe sunkún lójú sàréè. Ó dà bíi pé ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Orin ọkùnrin yẹn ló béèrè fún lórí ẹ̀yìn Dádì. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá wá ní kò sẹ́ni tó ń gbọ́, kí ni ẹ̀gbọ́n mi dì mú nínú omi lọ́jọ́ náà? Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn, mo fọ ojú, mo padà sí kíláàsì, mo sì kọ́ wọn ní ìṣirò.

Ìbéèrè yẹn bá mi gbé fún ìgbà pípẹ́. Mo bi Dádì. Ó ronú, ó ní òun kò mọ̀. N kò gbọ́ ọ rí kí Dádì sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa Ọlọ́run. Ó fi ọwọ́ kan mi léjìká, ó ní, "Ìwọ ṣáà bi Í." Mo bi Í, tìbínútìbínú, lójú ọ̀nà ilé ìwé. Ìyẹn ni àdúrà àkọ́kọ́ tí mo gbà láti ọjọ́ òjò yẹn.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀gá ilé ìwé wa rán mi lọ sí Ẹgbẹ́dá láti lọ tẹ báńà tí a fẹ́ fi ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún àwọn ọmọ. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí wọ́n júwe fún mi. Mo kí ọkùnrin kan tó kọjú sí kọ̀ǹpútà, mo ní báńà ni mo fẹ́ tẹ̀, kò gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, mà. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́?"

Ohùn náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ojú. Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò kọrin mọ́, mà."

"Mo mọ̀. Mo rí fídíò yẹn."

"Ṣé ẹ wá bá mi jà ni? Àwọn kan máa ń wá."

"Rárá o. Báńà ni mo wá tẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín dáadáa nígbà yẹn, ó sì ní kí n jókòó. Bí ó ṣe ń to lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà ni mo sọ fún un nípa ẹ̀gbọ́n mi, nípa gbọ̀ngàn tí iná ti lọ, àti ìbéèrè tó bi í. Ó ní, "Ẹ má bínú, mi ò rántí rẹ̀." Mo ní n kò retí pé kó rántí. Mo sọ bó ṣe kú. Mo sọ ti Dádì nínú omi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí mi. "Nígbà tí mo sin ìyàwó mi," ó ní, "ìjọ ní kí n kọ orin yẹn létí sàréè. Mo kọ ọ́ o. Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo wá délé, mo ṣílẹ̀kùn, mo dúró ní pálọ̀, mò ń retí. Kò sẹ́ni tó wá."

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ pọ̀ lẹ́nu mi, alàgbà ló tọ́ mi dàgbà. Gbogbo èyí tó sọ sí mi lọ́kàn ló dà bí ọwọ́ wòlíì tó ń tẹ ẹ̀gbọ́n mi lórí. N kò sọ ọ̀kankan nínú wọn. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ẹ ṣé." Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹ ní bàbá yín ló kọ ọ́?"

"Àwọn ni."

"Wọ́n kọ ọ́ tán?"

"Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n tún tún un kọ, títí a fi dé títì."

Oníbàárà mìíràn wọlé. Ó dìde lọ dá a lóhùn; nígbà tí wọ́n tẹ báńà mi tán, mo gbà á, mo lọ.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, mo rò pé Dádì máa ní ká gbàdúrà kí ọkùnrin náà yí padà. Dádì ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ohun tó béèrè ni pé, "Ta ló ń se oúnjẹ fún un?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Pè é wá síbí."

Ó wá ní ọjọ́ kejì Àjíǹde. Màmá gún iyán. Dádì gbàdúrà sórí oúnjẹ, ó sì kúrú. Mo la ojú díẹ̀, mo rí i pé ọkùnrin náà kò di tirẹ̀ rárá, ó kàn ń wo Dádì. Lẹ́yìn oúnjẹ, Màmá gbé fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi wá. Ọkùnrin náà gbà á, ó wò ó pẹ́.

"Báwo ni wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín?" ó bi wá.

Màmá ní, "Á kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu báyìí, á wá..." Kò lè sọ ìyókù. Dádì bá a parí rẹ̀, ó ní, "Á wá rẹ́rìn-ín títí á fi máa wúkọ́, ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín á sì máa bẹ̀ ẹ́." Ni Dádì fúnra rẹ̀ bá bú sẹ́kún. A kò rí i kó sunkún lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú, a kò sì rí i lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Ọkùnrin náà ṣì ń wá sílé wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, a kò sì bi í. Ìgbàgbọ́ tèmi kò tó ti ọjọ́ tí wọ́n rì mí bọmi. Kò pariwo, kò sì dá mi lójú bíi ti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n mo ṣì ní in. Láàárọ̀, kí n tó lọ sí iṣẹ́, mo máa ń gbàdúrà. Mo máa ń dárúkọ Dádì, mo máa ń dárúkọ Màmá, mo sì máa ń dárúkọ ọkùnrin náà. Nínú ìjọ wa, wọ́n ní a kì í gbàdúrà fún òkú, torí náà n kì í dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn máa ń dákẹ́ díẹ̀ níbi tí orúkọ rẹ̀ ti máa ń wà.